Ògiri Kan Ṣoṣo Tí N Kò Dán Wò

Ta ló ń gba ohùn mi sílẹ̀ nínú yín? Mo rí iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú lábẹ́ tìmùtìmù yẹn. Kàfáyà, ṣé ìwọ ni, àbí ọ̀rẹ́ rẹ tó jókòó ti fèrèsé? Ó dáa, ẹ jẹ́ kó máa gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ mi sínú rẹ̀. Kàfáyà tí í ṣe ọmọ ọmọ mi ń pè mí ní Grandpa, gbogbo Thamesmead ní London níbí ń pè mí ní Daddy, ìyẹn náà tó. Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú kọ́ mi láti kékeré pé bí mo bá gbọ́ orúkọ mi tí n kò rí ojú ẹni tó pè é, n kò gbọdọ̀ dáhùn. Mo ti dàgbà ju iye ọdún tí ìyá mi lò láyé lọ báyìí, ẹ̀kọ́ yẹn kò sì tíì kúrò lára mi.

Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ ní bí mo bá wọ ilé onílé, mo máa ń fi ìka kan ògiri kí n tó fara tì í, pé mo máa ń padà lọ wo ilẹ̀kùn tí mo ti tì bóyá ó tì lóòótọ́. Ẹ rò pé ogbó ló ń dà mí láàmú. Ogbó kọ́, iṣẹ́ ni. Kí n tó máa wa bọ́ọ̀sì, ìfura ni iṣẹ́ tí mo ṣe ní Woolwich, wọ́n sì gbà mí nítorí pé kò sẹ́ni tó fura tó mi.

Àwọn ará Ítálì kan ló ni ilé iṣẹ́ náà. Tre Gradini lorúkọ rẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn, torí pé ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní ìlú Turin ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, èèyàn sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́ta kó tó wọlé bá wọn. Géèmù orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe. Èyí tó gbé wọn jáde ni ti akólẹ́tà kan tí ajá ń lé láti ojúlé dé ojúlé. Ó tà débi pé wọ́n wá ṣí ẹ̀ka kan síbí kí wọ́n lè máa ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì. Òkè ṣọ́ọ̀bù bàtà kan lẹ́yìn ọjà Beresford ni wọ́n háyà. Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ. Ó ti di ilé gbígbé. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan ń sá aṣọ sójú fèrèsé tí tábìlì mi máa ń wà nídìí rẹ̀.

Ìgbálẹ̀ ni mo bá débẹ̀. Mò ń gbálẹ̀ fún wọn láàárọ̀ kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ iná ní poli. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan ti fi géèmù akólẹ́tà yẹn sílẹ̀ láìpa á. Mo wo ọgbà tó yí ilé kan ká nínú rẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀ sí ọgbà yẹn. Mo fi akólẹ́tà kọlù ú, kò mì. Mo tún kọlù ú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkùnrin náà gba inú ọgbà kọjá, ó sì já bọ́ sínú òkùnkùn tí kò nísàlẹ̀. Bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn, ọ̀gá wa ló dúró síbẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Donatella.

"Ẹ má bínú, madam. Mo kàn fọwọ́ kàn án ni."

"Tún un ṣe kí n rí i," ló wí.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹlòmíràn ti ń gbálẹ̀. Wọ́n fún mi ní tábìlì, wọ́n ní kí n máa jókòó kí n máa bà á jẹ́ fún àwọn, kí n fi gbogbo ọgbọ́n tí mo ní ba géèmù jẹ́ kó tó kúrò nílé. Mo kọ̀wé sílé pé mo ti ríṣẹ́ kọ̀ǹpútà. N kò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, géèmù ń gba ojú afẹ́fẹ́ wọlé tọ̀ yín wá. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, wọ́n á fi àtúnṣe ránṣẹ́ lọ́la, ẹ ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ta ohun tí kò jinná fún yín. Nígbà tiwa, dísìkì ni, inú páálí ló ń wà. Bí páálí bá ti bọ́ sọ́jà, àṣìṣe inú rẹ̀ ti bá a lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè pè é padà. Gbogbo wa la máa ń jókòó sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, tí a ó máa ká páálí, Donatella náà á ká tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kọ dísìkì á máa ké, krr, krr, tọ́, krr, krr, tọ́. Ìkòkò kọfí wọn á máa hó lórí iná gáàsì, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sọdá odò á fọn fèrè rẹ̀, àwọn tó ń ta èso nísàlẹ̀ á máa pariwo. Mo lè dijú báyìí kí n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Sítéṣọ̀n rélùwéè tuntun tí wọ́n kọ́ sí Woolwich, tí ẹ fi ń yangàn yẹn, bí mo bá dijú níbẹ̀, kí ni mo máa gbọ́?

Ìwé gígùn kan máa ń wà níwájú mi. Gbogbo ibi tó wà nínú géèmù ni wọ́n kọ síbẹ̀, ojúlé kan lẹ́yìn òmíràn. Mo gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, kí n fi orí gbá gbogbo ògiri, kí n ti gbogbo ilẹ̀kùn, kí n tó fi báírò pupa fa máàkì sí i. Bí mo bá ti máàkì ibì kan, kò sẹ́ni tó tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣà kan tún wà tí wọ́n gbé wá láti Turin: nígbà tí géèmù bá ti parí, ẹni tó dán an wò kẹ́yìn ló máa gbé dísìkì ìkẹyìn àti ìwé rẹ̀ lọ sílé, torí bí iná bá jó ọ́fíìsì, kí ìkan ṣì wà níbòmíràn. Nínú àpótí jalamíà mi ni wọ́n ń wà. Wọ́n finú tán mi tó bẹ́ẹ̀, èmi tí n kò finú tán ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Renzo. Òun ló ń ya gbogbo àwòrán inú géèmù. Ọkùnrin tín-ínrín ni, orí ìdúró ló ti máa ń jẹun, bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ já sílẹ̀. Nígbà Iléyá àkọ́kọ́ tí mo ṣe lọ́dọ̀ wọn, mo gbé ẹran àgbò díndín lọ nínú ìkòkò. Àwọn yòókù mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n dúpẹ́. Renzo jókòó tì mí, ó nawọ́ sínú ìkòkò, a sì jẹ ẹ́ dé ìdí. A kò tètè rí i pé orí dísìkì ni mo gbé ìkòkò yẹn lé. Epo ti ń kán sílẹ̀, dísìkì méjìlá ló bàjẹ́. Kí n tó lanu, Renzo ti lọ sọ fún Donatella pé òun lòun ṣe é.

Ẹ mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn? Kì í ṣe ọpẹ́. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀ pé, kí ni ọkùnrin yìí ń wá lọ́wọ́ mi?

Bó bá sì di Kérésìmesì, wọ́n máa ń gbé búrẹ́dì dídùn kan wá tó ga bíi fìlà. Mo máa ń bèèrè bóyá ọtí tàbí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Renzo á mú páálí, á ka gbogbo ohun tí wọ́n fi ṣe é fún mi, á máa túmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo tún bèèrè. Ó tún kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sọ pé ṣé kì í ṣe búrẹ́dì èṣí nìyí.

Géèmù tó kẹ́yìn ni ti abúlé kan tó wà lórí òkè. Shooters Hill tí Renzo háyà yàrá sí ló wò ya òkè náà. Ilé mẹ́jọ, ṣọ́ọ̀ṣì kan, àti ilẹ̀ ibojì kan tí wọ́n mọ ògiri yí ká. Ẹ jẹ́ kí n sọ pé àwọn èèyàn wọ̀nyí máa ń fi orúkọ òṣìṣẹ́ pamọ́ sínú gbogbo géèmù tí wọ́n bá ṣe, wọ́n ń fi ṣeré láàárín ara wọn ni. Nínú ti akólẹ́tà, ara lẹ́tà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gba ẹ̀yìn àga Renzo kọjá, mo rí òkúta ibojì lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, orúkọ sì wà lára wọn.

"Kí nìyí?" ni mo wí.

"Ibojì wa ni!" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Donatella nìyí. Èmi nìyí, wo ohun tí mo kọ síbẹ̀: kọfí ló pa á."

Òkúta kan ṣófo létí ògiri. Mo ní ta ló ni ìyẹn.

"Mo fẹ́ bi ọ́ ná. Kí ni orúkọ rẹ ní kíkún? Èyí tí ìyá rẹ ń pè ọ́ gan-an."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Wàá rí i bó o bá débẹ̀."

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí London, ẹ̀rín lè pa yín. Ẹ bi àwọn òbí yín wò bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ wọn sára òkúta sàréè nígbà tí wọ́n ṣì ń mí. Orúkọ kíkún, èyí tí ìyá èèyàn ń pè é! Mo sọ fún un pé n kò sọ. Lọ́jọ́ kejì, mo rí pépà pélébé kan lórí tábìlì rẹ̀. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dà á kọ láti ẹ̀yìn lẹ́tà ìyá mi tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ẹran tó jẹ, dísìkì tó jẹ́wọ́ lé, páálí tó ń kà, gbogbo rẹ̀ wá yé mi lọ́nà òdì. Mo ní àṣé ohun tó ń wá nìyí.

N kò bá a jà. Ìbá sàn kí n bá a jà. Mo jókòó sídìí ìwé mi, mo dán ilé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wò, mo dán ṣọ́ọ̀ṣì wò. Nígbà tó kan ibojì, n kò wọ ibẹ̀. Kí n fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ ka orúkọ mi lórí sàréè? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo fa máàkì pupa sí i bí ẹni tó ti débẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn, máàkì irọ́ kan ṣoṣo tí mo fà nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Renzo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ń dán.

"Mo rí ìwé rẹ. O ti dé ibojì?"

"Mo ti débẹ̀."

"Gbogbo ògiri?"

"Gbogbo rẹ̀. Mo rí ohun tó o ṣe."

Ó dúró, ó ń wo ẹnu mi, bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ kan sí i. Mo mú dísìkì ìkẹyìn gẹ́gẹ́ bí àṣà, mo mú ìwé mi, mo mú kóòtù mi, n kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Connaught Estate ní Woolwich là ń gbé nígbà náà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lọ́jọ́ Sunday, Renzo wá. Mo ní kí ìyàwó mi dá a lóhùn láti ojú fèrèsé pé n kò sí nílé, mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì, mò ń wò ó. Kò lọ. Ó gbójú sókè, ó sì pè mí, orúkọ mi ní kíkún, ó fara balẹ̀ pè é bí ọmọ tó ń kàwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pè é. Ìyá mi ní n kò gbọdọ̀ dáhùn bí n kò bá rí ojú ẹni tó pè mí. Mo rí ojú rẹ̀ kedere, ẹ̀yin ọmọ. Síbẹ̀ n kò dáhùn.

Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà fi kú. Irú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe géèmù sí ni àwọn èèyàn ò rà mọ́, àwọn tó yẹ kó gbé géèmù abúlé yẹn lọ sọ́jà sì sá padà lẹ́yìn wọn. Turin ti ilẹ̀kùn, Woolwich náà tì í. Mo ti ń wa bọ́ọ̀sì nígbà yẹn. Mo wà á kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù bàtà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí àwọn àga wa tí wọ́n kó jọ sétí títì, ti Renzo tí ìdí rẹ̀ ti ya wà lókè. Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé, ṣé o rí i? Wọ́n kọ orúkọ ara wọn sí sàréè, iṣẹ́ wọn sì wọ sàréè. Inú mi dùn pé mo tètè sá. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Dísìkì inú àpótí jalamíà mi nìkan ló sì kù ní gbogbo ayé. Mo bò ó mọ́lẹ̀ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa débi tí orúkọ mi wà.

Ó ku Kàfáyà. Ó ń bá mi wá pásípọ́ọ̀tù, ó rí dísìkì, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìbi mí. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ìwé fi dé láti Turin. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Chiara ló kọ ọ́. Ó ní ọmọ Renzo lòun, pé bàbá òun kú lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, pé òun fẹ́ rí ohun tó yà kẹ́yìn ní Woolwich.

"Ta ló sọ pé ọmọ rẹ̀ ni?" mo bi Kàfáyà.

"Grandpa, ó send picture. See, wọ́n jọra."

"Ta ni kò lè rí fọ́tò?"

"O ò trust anybody."

"O ò? Mo ti di ẹgbẹ́ rẹ?"

"Sorry sir. Ẹ ò trust anybody."

Mo ní kó bi obìnrin náà pé kí ni bàbá rẹ̀ máa ń ṣe kó tó fún un lóúnjẹ. Ìdáhùn dé lójú ẹsẹ̀. Ó ní bàbá òun máa ń ka gbogbo ohun tó wà lára páálí sí òun létí ná, títí òun fi dàgbà, òun kò sì mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Mo jókòó. Mo ní kó máa bọ̀.

Sátidé tó kọjá ló dé, ó bọ́ sílẹ̀ ní sítéṣọ̀n Abbey Wood, Kàfáyà lọ mú un wá. Ó gbé láptọ́ọ̀pù dání àti ẹ̀rọ kékeré tó ń ka dísìkì àtijọ́. Mo ní kí wọ́n yọ wáífáì kúrò lára iná kí ohunkóhun má bàa jò jáde. Kàfáyà yínmú, ó yọ ọ́. Ẹ̀rọ náà mú dísìkì, ó ní krr, krr, tọ́. Mo fa àga sún mọ́ ọn.

Chiara rìn gba inú abúlé dé ibojì. Ó rí orúkọ bàbá rẹ̀, ó kà á sókè: kọfí ló pa á. Ó rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkàn rẹ̀ ló pa á," ó wí, "ṣùgbọ́n kọfí náà wà níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ òkúta etí ògiri. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Grandpa, ẹ wò ó. It's not your name o."

Mo wò ó. Ohun tó wà lára òkúta yẹn ni pé: Ẹni yìí wà láàyè. Ẹ má wá a níbí, ẹ dán ògiri wò.

"Kọlù ú," mo sọ fún Chiara. "Ògiri ẹ̀yìn òkúta yẹn. Tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ògiri náà gbà á wọlé. Kò já bọ́ sínú òkùnkùn. Ilé kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ilé kẹsàn-án tí kò sí nínú ìwé mi, iná ń tàn nínú rẹ̀. Orúkọ mi wà lókè ilẹ̀kùn ní kíkún, àmì ohùn kan kò yẹ̀ lórí rẹ̀, ọwọ́ ló fi yà á lẹ́yọ lẹ́yọ torí kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kò ní irú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ẹ kan ilẹ̀kùn dáadáa, onílé ń fura. Nínú ilé, àga méjì, tábìlì kan, àti ìkòkò ẹran tí epo ń kán lára rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èmi nìkan ló kọ́lé fún. Èmi nìkan ló sì lè rí i, torí ta ló tún ń fi orí gbá ògiri lẹ́ẹ̀mẹta?

Kàfáyà ń pariwo, ó ń ya fọ́tò. Chiara kò pariwo. Ó yíjú sí mi.

"Bàbá mi ní ẹ rí i," ó wí. "Ó sọ fún màmá mi pé ẹ wọ ibẹ̀, ẹ rí gbogbo rẹ̀, inú yín kò sì dùn sí i. Ó ní bóyá òun ti ṣe ohun tí àṣà yín kò gbà. Ó ń dùn ún títí tó fi kú."

Mo wá ìwé àtijọ́ yẹn jáde lábẹ́ jalamíà. Máàkì pupa náà ṣì wà níbẹ̀, kò ṣá rárá. Mo gba báírò lọ́wọ́ Kàfáyà, mo fagi lé e, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé n kò débẹ̀. Mo fún Chiara ní ìwé àti dísìkì. N kò ní kó buwọ́ lu nǹkan kan. Ó ya èmi náà lẹ́nu.

Kàfáyà, gbé fóònù yẹn jáde lábẹ́ tìmùtìmù. Ṣé ó ṣì ń gbà á? Dárúkọ mi sínú rẹ̀, ní kíkún, bí Renzo ṣe pè é lọ́jọ́ Sunday yẹn, kí o sì fi ránṣẹ́ sí Chiara. Ní kó lọ tẹ̀ ẹ́ kó dún níbi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Ní kó sọ fún bàbá rẹ̀ pé mo gbọ́, mo wà nílé.